Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló fẹ́ gbé sẹ́yìn

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, yíǹkì yín ò ní gbẹ. Mo ka lẹ́tà bàbá kan tẹ́ ẹ gbé jáde, tí wọ́n ń béèrè irú máṣíìnì tí wọ́n lè rà fún ọmọ wọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ tíṣà, ọmọ ọ̀hún ò gun máṣíìnì rí, ó sì fẹ́ máa fi gbé ìyàwó ẹ̀ lọ sọ́jà láràárọ̀ kó tó kọjá síléèwé. Mo wá ka èsì táwọn èèyàn fi ránṣẹ́, ẹnì kan ní kí wọ́n kúkú ra èyí tó lágbára jù lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n má bàa rà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹlòmíì ní èyí tó bá ti wọ́n jù ni kí wọ́n mú torí ọjà olówó ńlá kì í tètè bàjẹ́, ẹnì kan tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àwọ̀. Kò sẹ́ni tó bi bàbá yẹn léèrè ìyàwó. Báwo ló ṣe ga tó, ṣé ìró ló máa ń wọ̀ àbí sòkòtò, ṣé ó ń pọnmọ, kí ló máa ń gbé lọ sọ́jà. Ẹni tó fẹ́ jókòó sẹ́yìn yẹn gan-an ló yẹ ká tìtorí ẹ̀ mú máṣíìnì, òun sì ni gbogbo wọn gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí níhà méjì ni mo ṣe kọ̀wé. Sípéépátì máṣíìnì ni mò ń tà níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀yìn ọlọ́kadà sì ni mo máa ń wà ní gbogbo ìgbà, yálà mò ń lọ sí Òkè-Ajé ni o, tàbí mo gba ọ̀nà Àgó-Ìwòyè lọ sin owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tó jẹ mí ní gbèsè (ẹ mọra yín o). Ẹni tó ń gun máṣíìnì, títì ló ń wò. Èmi tí mo wà lẹ́yìn, òun ni mò ń wò.

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ agbára kúrò nílẹ̀ kíá. Àwọn ọmọkùnrin tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀rọ̀ cc, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó, ló máa ń kún ẹnu wọn, "Ìyá, 150 ni tèmi o." Máṣíìnì Boxer 100 yẹn, agbára ẹ̀ ò ju nǹkan bí ẹṣin 8 lọ, ti 150 ń lọ sí bíi 12, ẹṣin inú ìwé là ń wí o, kì í ṣe èyí táwọn Balógun ń gùn lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ẹṣin 8 tó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà lórí ẹ̀, ó fúyẹ́, kì í mu epo. Ṣùgbọ́n tẹ́nì kejì bá ti gùn ún, tí wọ́n wá kan òkè, ẹ máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ẹ̀ á ṣe máa ké, á di dandan kó já gíà wálẹ̀, ọmọ tí ò bá sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń já gíà tí máṣíìnì ò fi ní ta lábẹ́ èèyàn, ibẹ̀ ni orí ìyàwó ẹ̀ á ti máa kọ lù ú lẹ́yìn. 150 kì í ṣe aláìlera ní tiẹ̀, àmọ́ ó wúwo jù ú lọ, tọ́mọ bá sì ṣèèṣì fún un níná lójijì nígbà tẹ́ni ẹ̀yìn ò di nǹkan kan mú, ẹ ti mọ ìyókù. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, màá ní kí wọ́n wo 125. TVS ní 125, Honda Ace náà wà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀tà nípìnlẹ̀ wa níbí lọ́dún 2011. Ó rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ, ó sì lè gbé èèyàn méjì gòkè láìráhùn. Kí wọ́n ṣáà rí i dájú pé sípéépátì ẹ̀ wà nítòsí, tẹ́ ẹ bá ní mò ń polówó ara mi, kò burú.

Ohun tó ju agbára lọ ni ẹsẹ̀. Kí ọmọ yẹn jókòó sórí máṣíìnì níbi tí wọ́n ti fẹ́ rà á, kó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ pátápátá, kì í ṣe ọmọ ìka ẹsẹ̀ o, gìgísẹ̀ gan-an. Kí ìyàwó wá gùn ún lẹ́yìn ẹ̀ níbẹ̀, lójú ẹni tó ń tà á, kó sọ̀ kalẹ̀ kó tún gùn ún. Ẹni tó ń tà á lè lejú, kó lejú, owó wọn ló fẹ́ gbà. Tí máṣíìnì bá ń mì tí iṣan ọrùn ọmọ ń yọ bó ṣe ń dì í mú, tí wọn ò tíì kúrò níbi tí wọ́n ti ń ná an o, kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ kí wọ́n wo èyí tó rẹlẹ̀ jù ú lọ. Lójú tèmi o, máṣíìnì tó gbé èèyàn méjì kì í ṣubú lórí eré tó bó ṣe máa ń ṣubú lórí ìdúró. Wọ́n á dúró kí tírélà tó ń ti Ṣágámù bọ̀ kọjá, ẹni ẹ̀yìn á yí ara wo nǹkan, ẹsẹ̀ ẹni iwájú á bọ́ sí kòtò, àwọn méjèèjì á wà nílẹ̀, nǹkan tó lé ní 100 kìlò á sì wà lórí wọn.

Síìtì ńkọ́, èyí tó gùn tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí wọ́n wá, kì í ṣe àwọn tí ìdí ẹ̀ ká sókè bí ìrù àkekèé, tẹ́ni ẹ̀yìn á máa yọ̀ wá bá ẹni iwájú nígbàkigbà tó bá tẹ búrẹ́kì. Kí ibi tẹ́ni ẹ̀yìn ń gbẹ́sẹ̀ lé le dáadáa kí rọ́bà ẹ̀ sì wà níbẹ̀, kí irin tó lè dì mú wà lẹ́yìn síìtì.

Irin mìíràn wà tí mo fẹ́ kí gbogbo obìnrin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ̀. Àwọn ará Íńdíà ló ń ṣe Boxer àti TVS, àwọn obìnrin wọn lọ́hùn-ún ń wọ sárì, aṣọ gígùn tó máa ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n sì máa ń jókòó sí lórí máṣíìnì, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi irin dí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn lápá òsì kí aṣọ má bàa wọnú ẹ̀. Ìró tiwa yìí àti sárì tiwọn, kí ló fi yàtọ̀? Àmọ́ irin yẹn lohun àkọ́kọ́ táwọn ọmọ wa máa ń tú dànù, wọ́n ní kì í jẹ́ kí máṣíìnì yọ dáadáa, wọ́n á tú ìbòrí ṣéènì mọ́ ọn, wọ́n á wá gbowó lé mi lọ́wọ́ pé kí n fún àwọn ní sítíkà àti họ́ọ̀nù aláriwo. Mo ti rí ìró tó wọnú táyà, kò ṣeé fẹnu sọ, kì í fúnni láyè láti pariwo, aṣọ á kọ́kọ́ fa ẹni tó wọ̀ ọ́ wálẹ̀ kí táyà tó wá há. Ẹ má sì rò pé tobìnrin nìkan ni o. Ẹ wá wo ìgboro wa lọ́jọ́ kẹta Iléyà, táwọn régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí wa, bá ti múra tán, tí mọ́tò ò rọ́nà kọjá mọ́, ẹ máa rí bọ̀rọ̀kìnní tó ti ná owó ńlá sára lórí ọ̀kadà tí ṣéènì ẹ̀ wà ní ìhòòhò, apá agbádá ń fẹ́ létí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká apá agbádá yẹn sórí itan.

Sàlẹ́ńsà náà, apá ọ̀tún ló sábà máa ń wà, ẹ gba òsì gùn ún, ẹ gba òsì sọ̀. Àpá roboto tó wà lójúgun ọ̀tún ọ̀pọ̀ ìyá ọjà, ibẹ̀ ló ti wá.

Tówó tuntun ò bá sí, àlòkù pọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò níjọba ìbílẹ̀ 6 lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn kan gbé tiwọn wá síhà ọ̀dọ̀ wa, àwọn mìíì sì ta tiwọn. Mi ò ní kí wọ́n má rà á, àmọ́ kí wọ́n mú mẹkáníìkì tiwọn dání, kì í ṣe mẹkáníìkì ẹni tó ń tà á. Kí nọ́ńbà tó wà lára irin àti ti ẹ́ńjìnì bá ti inú pátíkúlà mu. Kí wọ́n tan án kí wọ́n wo èéfín, tó bá jáde ní àwọ̀ búlúù, ẹ́ńjìnì ti ń jẹ ọ́ìlì. Kí wọ́n wo irin iwájú méjèèjì bóyá ọ́ìlì ń jò, kí wọ́n wo eyín tí ṣéènì ń gùn bóyá ó ti ṣóńṣó. Kí ẹnì kan gùn ún lọ níwájú kẹ́lòmíì dúró sẹ́yìn wò ó bóyá táyà méjèèjì tọ ojú kan náà, èyí tí tiẹ̀ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti ní jàǹbá rí, àdúrà kọ́ ló máa tún un ṣe.

Tó bá sì jẹ́ tuntun nínú páálí, nọ́tì tí wọ́n fi tò ó, kí wọ́n bẹ mẹkáníìkì kó tún gbogbo ẹ̀ dì, torí wéré wéré ni wọ́n máa ń tò ó. Ẹ́ńjìnì tuntun kì í fẹ́ ẹrù tó pọ̀ àti iná àfàjù, ó kéré tán ní 500 kìlómítà àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n á ti yí ọ́ìlì àkọ́kọ́ náà nìyẹn. Ìyẹn gan-an ló bá ọmọ bàbá yẹn mu. Kó máa dá gùn ún, kí ìyàwó ṣì máa wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa ẹ̀ lọ sọ́jà, kí ọwọ́ ọmọ àti kílọ́ọ̀ṣì mọra wọn. Lísẹ́ńsì máṣíìnì wà o, Class A ni wọ́n ń pè é, kó lọ gbà á, kó má jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá dá a dúró ló máa wá máa bẹ̀bẹ̀ pé tíṣà lòun.

Ibi tí mo fẹ́ bá àwọn tó ń gun máṣíìnì jà sí díẹ̀ rèé, búrẹ́kì. Ẹni tó kọ́ wọn ni máṣíìnì á ti sọ fún wọn pé ẹ má fọwọ́ kan búrẹ́kì iwájú o, á gbé yín ṣánlẹ̀, wọ́n á wá máa tẹ tẹ̀yìn nìkan títí ayé. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Búrẹ́kì ẹ̀yìn ni mò ń tà, ti iwájú máa ń pẹ́ lórí àtẹ títí páálí ẹ̀ á fi pọ́n. Bẹ́ẹ̀ tí máṣíìnì bá ń dúró, iwájú ni gbogbo ìwúwo ń sáré lọ, táyà iwájú ló ń tẹ ilẹ̀ jù, òun ló lè dá a dúró jù. Ohun tó ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ ni kéèyàn já a gbà lójijì, tàbí kó fà á nígbà tó ń kọ́nà tàbí lórí yanrìn. Kó máa fún un díẹ̀díẹ̀, kó fi tẹ̀yìn tì í, kó máa ṣe é lórí pápá iléèwé lọ́jọ́ Sátidé tẹ́nì kan ò sí níbẹ̀ títí á fi mọ́ ọn lára. Tó bá gbé èèyàn, tẹ̀yìn á wúlò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí ìwúwo ti pọ̀ sí i lẹ́yìn, àmọ́ ìyẹn ò ní kó pa ti iwájú tì. Kó má sì gbàgbé pé téèyàn bá sọ eré di ìlọ́po méjì, ibi tó máa fi dúró á di ìlọ́po mẹ́rin, òun nìkan nìyẹn o, ti ẹni ẹ̀yìn á tún kún un.

Kò tíì gbé ẹnikẹ́ni, ó ku àwọn nǹkan kan lára máṣíìnì. Táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́ sí i, fún ọ̀pọ̀ máṣíìnì kéékèèké Bajaj, àwọn tó ń ṣe Boxer, tó bá jẹ́ èèyàn kan, 28 psi ni, tó bá jẹ́ méjì, 32 psi, ó wà nínú ìwé tí wọ́n kó mọ́ máṣíìnì táwọn èèyàn wa máa ń fi pọ́n ẹ̀pà. Kí wọ́n má jẹ́ kí fọganáísà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó ní ó ti tó, kó fi géèjì wọ̀n ọ́n. Ṣọ́kì ẹ̀yìn méjèèjì ní òrùka kan nísàlẹ̀ tó ní ìpele, wọ́n lè yí i kó le sí i, kí wọ́n yí méjèèjì dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá já kòtò ni ìdí ẹni ẹ̀yìn á máa gbọ́ ọ. Tẹ́nì kejì bá jókòó, ìdí máṣíìnì á lọ sílẹ̀, iná iwájú á gbójú sókè, á wá máa mú ojú ẹni tó ń bọ̀ dípò títì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀. Ṣéènì náà máa ń le sí i tí máṣíìnì bá rẹlẹ̀, ẹni tó bá ti fà á le koránkorán nígbà tó ṣófo máa já a lọ́jọ́ tó bá gbé ìyá alára ńlá bíi tèmi. Kí ó máa mì bí íńṣì kan sókè sódò, kí wọ́n sì tún wò ó nígbà téèyàn méjì bá wà lórí ẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbé, kó má jẹ́ ìyàwó. Mo mọ̀ pé ìyàwó á bínú, kó bínú. Kó wá ọ̀rẹ́ tó mọ máṣíìnì gùn, tí ò tóbi jù ú lọ, kí wọ́n jọ lọ sórí pápá yẹn, kí wọ́n máa gbéra kí wọ́n máa dúró, kí wọ́n yípo níwọ̀nba, kí ọ̀rẹ́ máa sọ fún un ibi tó ti ń gbọ̀n. Àwọn kan ní káwọn so àpò gàrí kan mọ́ ẹ̀yìn fi kọ́ ọ, ó dáa kéèyàn fi mọ ìwúwo, àmọ́ gàrí Ìjẹ̀bú kì í yí ọrùn wo ẹni tó ń kí i lójú ọ̀nà, kì í bẹ̀rù, kì í sọ̀ kalẹ̀ láìsọ fún ẹ. Èèyàn ló ń ṣe gbogbo ìyẹn.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwa tá à ń wà lẹ́yìn. Ìyàwó mi, mi ò mọ̀ ẹ́ o, àmọ́ jẹ́ n bá ẹ sọ ọ́. Má gùn ún kó tó sọ pé gùn ún, kó ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀. Jókòó kó o ya ẹsẹ̀ sí méjì, tó bá jẹ́ ìró lo wọ̀, wọ sòkòtò sábẹ́ ẹ̀ kó o ká a sábẹ́ itan, jíjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn dáa lójú àlejò, àmọ́ gbogbo ìwúwo ẹ ti wà lápá kan, ọkọ ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á wá máa bá máṣíìnì jìjàkadì. Di ìbàdí ẹ̀ mú, kì í ṣe èjìká, èjìká lo bá dì, ọwọ́ tó fi ń tọ́ máṣíìnì lò ń mì. Kẹ́sẹ̀ ẹ wà níbi ìgbẹ́sẹ̀lé kódà tẹ́ ẹ bá dúró, òun ló ń fẹsẹ̀ tilẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Tó bá ń kọ́nà, máa bá a tẹ̀, wo èjìká ẹ̀ tó wà níhà ibi tẹ́ ẹ ń yà sí, ara ẹ á tẹ̀ lé e fúnra ẹ̀. Àwọn tí ń tẹ̀ síhà kejì torí ẹ̀rù, àwọn ni máṣíìnì wọn ń bọ́ sí gọ́tà. Agboòrùn ńkọ́? Rárá o. Mo máa ń rí wọn lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìlíṣàn tójò bá ti ń kán, ẹni ẹ̀yìn á ṣí agboòrùn, ó rò pé òun ń bo àwọn méjèèjì, atẹ́gùn ń fa òun àti máṣíìnì lọ. Ẹ dúró kójò dá.

Òfin ní èèyàn kan ṣoṣo ni ọ̀kadà ń gbé yàtọ̀ sí ẹni tó ń gùn ún. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá ní gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ohun tójú ń rí nígbà tíléèwé bá parí, ọmọ mẹ́ta lórí ẹ̀, ọ̀kan lórí táǹkì. Mi ò lè yanjú ìyẹn nínú lẹ́tà kan. Àmọ́ tíṣà tuntun yìí, níwájú àwọn ọmọ iléèwé ẹ̀, kó má dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ó wá ku àṣíborí. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Road Safety ní kí ọlọ́kadà àti ẹni tó bá gbé bẹ̀rẹ̀ sí í dé e lọ́ràn-anyàn, táwọn kan ń dé igbá, táwọn mìíì ń dé ìkòkò, tí wọ́n ń sọ pé wọ́n ti fi oògùn sínú ti ọlọ́kadà, pé ẹni tó bá dé e á pòórá. A fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò nílẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá, èmi ò sì dá wọn lẹ́bi tán, ta ló fẹ́ ki orí bọ ohun tí gbogbo ìlú ti fi nu òógùn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìyàwó ní tiẹ̀, tó bá orí ẹ̀ mu, tí kò ní máa yí lórí ẹ̀ tó bá mi orí, kó sì máa so ó lábẹ́ àgbọ̀n. Gèlè lè wọnú báàgì, wíìgì náà. Wọ́n máa ń pe àwa Ìjẹ̀bú láhun, mi ò gbà, ẹni tó ń ra aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún kì í ṣe ahun, àmọ́ ẹ wá dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi kẹ́ ẹ gbọ́ ohun táwọn ọkùnrin ń sọ tí mo bá ní kí wọ́n ra ti ẹnì kejì. "Ìyá, òun kì í sábà bá mi jáde."

Ìdí pàtàkì tí mo tún fi ń kọ̀wé sí yín nìyí. Àwọn kan tó ń ta máṣíìnì tuntun máa ń fi àṣíborí kan kún un fẹ́ni tó bá rà á, wọ́n á ní ẹ̀bùn ni. Ẹ bá mi rán akọ̀ròyìn yín lọ bi wọ́n, ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ṣágámù, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹyọ kan, nígbà tó jẹ́ pé síìtì èèyàn méjì ni wọ́n tà. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n iye tí wọ́n máa gbà tí bàbá yẹn bá ní káwọn fi ìkejì kún un ní sáìsì obìnrin, torí ẹni tó ń kó tèmi wá fún mi ṣì ń kó ti olórí ńlá nìkan.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Onísípéépátì,
Ìjẹ̀bú-Òde.